Ẹ Kú Ọyẹ́ Láàárọ̀, Ẹ Kú Òjò Lálẹ́

Ọjọ́ kan wà tó máa ń wáyé lọ́dọọdún nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti l'Óṣogbo, láàárín ìparí oṣù Fẹ́búárì sí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Máàṣì. Kò ní déètì kan pàtó. Ó lè bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ó sì lè bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá ti gbé agbègbè náà pẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa: ọjọ́ tí ará àdúgbò ń kí ara wọn pé "ẹ kú ọyẹ́" láàárọ̀, tí wọ́n ń wí pé "ẹ kú ooru" lọ́sàn-án, tí wọ́n á sì ti máa ké "ẹ kú òjò o" kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ tò ní wákàtí sí wákàtí níhìn-ín. N kò mú un láti inú ọdún kan ṣoṣo. Ohun tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ mọ̀ nípa agbègbè wa àti ohun tí àgbẹ̀ tó bá lajú sílẹ̀ ń rí ni mo fi kọ́ ọ.

Agogo 1 òru

Iléṣà ti sùn. Ohun tó ń dún kò ju páànù orí ilé lọ, tí òtútù òru ń fún pọ̀ lẹ́yìn tí oòrùn ọ̀sán ti nà án. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, ó gbẹ, ó sì gbé eruku dání. Ètè ń là, ihò imú ń ta èèyàn. Nítorí pé ọ̀rinrin kò pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, tí ìkùukùu kò sì bo ojú ọ̀run, kò sí ohun tó ń dá ooru ilẹ̀ dúró. Gbogbo èyí tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án ló ń bá òfúrufú lọ. Ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi ń mú lóru tí ooru sì ń pani ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà.

Ní àwọn ilẹ̀ tó ní òkè gíga, bí ìgbà òtútù bá ti ń lọ sópin, ààlà kan lára òkè ni àwọn tó ń sọ tẹ́lẹ̀ nípa ojú ọjọ́ máa ń ṣọ́. Lókè ààlà náà, òjò dídì ló ń bọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀, òjò lásán ni. Bí afẹ́fẹ́ bá móoru, ààlà á gun òkè. Bí òtútù bá padà, á sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn tó ń wakọ̀ lójú ọ̀nà. Àwa náà ní ààlà tiwa, àmọ́ orí ilẹ̀ ni tiwa nà sí. Ó lọ láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn Áfíríkà, ní ibi tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti Sàhárà àti afẹ́fẹ́ olómi láti òkun Àtìláńtíìkì ti ń pàdé. Ní oṣù Jánúárì ó máa ń sún mọ́ etíkun. Nígbà tí oṣù Ògúsìtì bá fi dé, ó ti kọjá Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger. Ní ìparí Fẹ́búárì, àdúgbò wa ló ti ń ṣeré: lónìí ó wà ní gúúsù wa, lọ́la ó ti wà ní àríwá.

Ibi tí ààlà náà sùn sí lálẹ́ yìí ló máa pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ààlà gan-an ni òjò ti ń rọ̀. R. A. Hamilton àti J. W. Archbold kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1945, nínú iṣẹ́ wọn lórí ojú ọjọ́ Nàìjíríà, pé lẹ́sẹẹsẹ ni ojú ọjọ́ tò sí gúúsù ààlà yìí. Abẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni afẹ́fẹ́ olómi ń wọ́ gbà wọlé, ó sì rí bí irin àáké: ó fẹ́lẹ́ lẹ́nu, ó nípọn lẹ́yìn. Níbi tó ti fẹ́lẹ́, kò lè gbé ìkùukùu tó ga ró. Ó dìgbà tí ààlà bá ti sún ọ̀pọ̀ kìlómítà sí àríwá ìlú kan, kí afẹ́fẹ́ olómi tó nípọn tó láti di òjò lórí ìlú náà.

Agogo 4 ìdájí

Ìyípadà náà bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, àfi ẹni tó jí tọ̀. Afẹ́fẹ́ àríwá rọlẹ̀. Fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ewé kankan kò mì, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í rọra wọlé láti ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti apá Ifẹ̀.

Òru ni afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ràn láti rìn lọ́dọ̀ wa. Lọ́sàn-án, ooru máa ń po òfúrufú pọ̀, á fa afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó wà lókè sọ̀ kalẹ̀, á sì ba ti ìsàlẹ̀ jẹ́. Bí ilẹ̀ bá tutù tán, pípò náà á dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ olómi á sì ráyè sáré wọ inú ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti wọn èyí nítòsí wa gan-an. Ní oṣù Júùnù àti Júláì 2016, iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan tó ń jẹ́ DACCIWA kó ẹ̀rọ ìwọn-ojú-ọjọ́ sí ibi mẹ́ta: Kumasi ní Gánà, Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àti Ilé-Ifẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tútù ṣe ń ti etíkun wọlé lóru, tí ìkùukùu tó lọ sílẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e kí ilẹ̀ tó mọ́, wà lára ohun tí wọ́n tọ́pasẹ̀ rẹ̀. Àkókò òjò ni wọ́n ṣe tiwọn. Ní ìparí ọyẹ́, ẹsẹ̀ kan náà ni afẹ́fẹ́ òkun ń gbé; kò kàn tíì lágbára tó.

Agogo 6 òwúrọ̀

Ìrì! Lójú tèmi, òun gan-an ni ìròyìn tó ṣe pàtàkì jù lọ ní gbogbo ọjọ́ yìí, kò sì sí rédíò tó kà á. Ní àárọ̀ tí ọyẹ́ bá mú dáadáa, ewé ẹ̀gẹ́ máa ń gbẹ táútáú, koríko á máa dún lábẹ́ bàtà. Lónìí, ẹni tó gba ẹ̀bá oko Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kọjá rí i pé ìsàlẹ̀ ṣòkòtò òun ti tutù. Afẹ́fẹ́ olómi ti dé ilẹ̀ nìyẹn.

Ojú ọ̀run kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Eruku ọjọ́ bíi mélòó kan ṣì so rọ̀ lókè, kùrukùru sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Láti ojú títì tó lọ sí Àkúrẹ́, kò sí ẹni tó rí òkè Ẹ̀fọ̀n, tó yẹ kó dúró gbagidi ní ìlà-oòrùn. Òtútù ṣì mú. Àwọn ìyá ti fi òrí pa ọmọ wọn lára, wọ́n sì fún wọn ní súwẹ́tà wọ̀ lọ sílé ìwé. "Ẹ kú ọyẹ́ o." "Ọyẹ́ á tura o." Ojú ni gbogbo ènìyàn fi ń wò, ẹsẹ̀ ló sì mọ òótọ́.

Agogo 7 òwúrọ̀

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó pọ́n, ó ṣe é wò lójú korokoro nítorí eruku. Ní ibùdó ojú ọjọ́ tó wà l'Óṣogbo, òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣí àpótí onípákó funfun tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin nínú pápá koríko. Ẹ̀rọ ìwọn-ooru méjì ló kọ́kọ́ wò níbẹ̀. Ọ̀kan gbẹ, wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́ tó ń fa omi we ìdí èkejì. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, omi tó wà lára aṣọ yẹn á máa fò lọ kíákíá, èyí á sì mú kí ẹ̀rọ kejì tutù ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọjọ́ ọyẹ́ gidi, àlàfo àárín àwọn méjèèjì máa ń fẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ó ti dín kù. Ohun tí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ mọ̀ ní Ẹ̀rìn ni òṣìṣẹ́ yìí ń kọ sílẹ̀ ní òǹkà.

Lẹ́yìn náà ó wo ọ̀kánkán. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ní àwọn ohun tí wọ́n ti mọ bó ṣe jìnnà sí wọn: ilé gíga kan, òpó kan, òkè kan. Èyí tí ojú rẹ̀ bá rí àti èyí tí kò rí ni yóò sọ bí eruku ṣe pọ̀ tó. Ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó fi ránṣẹ́ sí NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin 2003 dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ ojú ọjọ́, láti ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ sí ọwọ́ gbogbo ayé. Ní wákàtí kan náà ni wọ́n ń wo tiwọn níbi gbogbo. Agogo 7 l'Óṣogbo, agogo 6 ni ní London, agogo 11 alẹ́ àná sì ni ní Denver lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nínú àwòrán ńlá tí wọ́n ń fi irú òǹkà bẹ́ẹ̀ yà, Òṣogbo àti Denver jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn.

Agogo 10 òwúrọ̀

Ọ̀rọ̀ eruku. Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Ṣáàdì wá, láti kòtò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, tó jìnnà sí Òṣogbo tó nǹkan bí 1,800 kìlómítà. Ìsàlẹ̀ adágún omi ni kòtò náà nígbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí adágún Ṣáàdì fẹ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ fíìfíì. Omi gbẹ, ó ku ẹrẹ̀ funfun lẹ́búlẹ́bú. Àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi ni afẹ́fẹ́ ń gbà kó tó bá a. Àlàfo náà ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ó sì ń di ìjì nígbà tó bá jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òkè kò kan ọyẹ́ wa, kó lọ béèrè lọ́wọ́ Tibesti.

Eruku yìí wà nínú àyà àwọn ọmọdé tó tò sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Íléṣà ní wákàtí yìí. Ikọ́, imú dídí, ojú pípọ́n: àìsàn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n. Ó yẹ ká dúró níbí díẹ̀, nítorí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló kọ́ ayé lọ́gbọ́n kan lórí ọ̀rọ̀ àkókò àti àìsàn ọmọdé. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild àti ní abúlé Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó tọ́jú èéyi, ó sì kọ̀wé lórí rẹ̀, bó ṣe ń pa ọmọ wa tó sì ń ṣẹ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ lára ọmọ òyìnbó. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àìsàn náà máa ń gbòde jù lọ́dọ̀ wa. Láti inú iṣẹ́ Ìmẹ̀sí-Ilé ni káàdì tí wọ́n ń fi ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù ti jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè padà gbà lò. Ìyá tó bá mú káàdì yẹn dání n'Íléṣà lónìí, nǹkan ilé rẹ̀ ló mú dání.

Agogo 1 ọ̀sán

Ó ti di "ẹ kú ooru". Súwẹ́tà ti wọ inú báàgì. Oòrùn dúró sí àárín orí, ìwọ̀n ooru l'Óṣogbo sì lè tó dígírì 35 Celsius. Àwọn aláró tí wọ́n sá àdìrẹ sórí okùn kò ní í dúró pẹ́ kó tó gbẹ. Oṣù tó ń bọ̀, wọ́n á máa fi ojú wá oòrùn. Ẹni tó sá láfún náà ń dúpẹ́. Odò Ọ̀ṣun fà, àpáta yọ orí síta lábẹ́ afárá, omi Olúmirìn tó ń já láti òkè sí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà sì ti tín-ín-rín.

Ní wákàtí yìí ni iná ìgbẹ́ ń ṣọṣẹ́. Ẹni tó dáná sun oko rẹ̀ láàárọ̀, tó rò pé ó ti kú, kò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ná kan ṣoṣo ti fò sí oko kòkó ẹlòmíràn. Ewé kòkó gbígbẹ tó tẹ́ sílẹ̀ kì í kọ iná. Ìran àwọn bàbá wa kò gbàgbé ẹ̀ẹ̀rùn 1983, nígbà tí iná jó oko kòkó rẹpẹtẹ ní Gánà àti ní àwọn ibòmíràn lápá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ sun oko ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó ṣe é nírọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, kó yí oko ká pẹ̀lú ilẹ̀ gbalaja tí kò ní koríko, kó má sì lọ sílé kó tó kú tán. Òjò ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe panápaná tí ẹnikẹ́ni lè ránṣẹ́ pè.

Lókè, ohun mìíràn ń lọ. Ààlà ti sún jìnnà sí àríwá wa láti òru, ooru sì ti ń gbé afẹ́fẹ́ olómi tó wọlé sókè. Ìkùukùu funfun kéékèèké yọ, wọ́n parẹ́, òmíràn tún yọ.

Agogo 4 ìrọ̀lẹ́

Ojú là. Eruku ti dín kù, òkè Ẹ̀fọ̀n sì ti fara hàn. Gbogbo ẹni tó mọ̀ n'Íléṣà, ní Ẹ̀rìn-Òkè, ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ìlà-oòrùn ló ń wò, nítorí apá ibẹ̀ ni òjò tó ní ìjì nínú ti máa ń wá bá wa. Ìkùukùu kan ti dúró lẹ́yìn òkè náà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ funfun, ó sì ń ga sí i lójú ẹni. Oòrùn máa ń mú ara òkè móoru ju afẹ́fẹ́ tó wà ní gíga kan náà lórí àfonífojì lọ, afẹ́fẹ́ tó bá sì kọ lù ú kò ní ibi tí yóò gbà ju òkè lọ. Ìdí nìyẹn tí ìkùukùu fi fẹ́ràn ibẹ̀.

Agogo 8 òwúrọ̀ ni ní Denver ní báyìí. Oṣù Máàṣì ni òjò dídì sábà máa ń pọ̀ jù nílùú náà, àwọn ará ibẹ̀ sì ń wo fóònù wọn láti mọ bí ààlà òjò dídì ṣe lọ sílẹ̀ tó lára òkè Rockies. Ẹ má rò pé àwa kò ní irú rẹ̀. Bí a bá fi ẹ̀rọ gun òfúrufú Òṣogbo lọ sókè, tó nǹkan bí 4,500 sí 5,000 mítà, a ó dé ibi tí omi ti ń dì. Yípo ọdún, ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Òkè Ẹ̀fọ̀n kò tó 1,000 mítà. Chappal Waddi, tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, jẹ́ 2,419. Òkè Kamẹrúùnù fi díẹ̀ lé ní 4,000. Kilimanjaro ní Tànsáníà, tó jẹ́ 5,895, ló gun un kọjá, ìyẹn ló fi ní yìnyín lórí. Ṣùgbọ́n ìkùukùu tó wà lẹ́yìn òkè Ẹ̀fọ̀n yìí lè ga ju ìlọ́po méjì ààlà náà lọ. Inú rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, omi ti dì. Yíyọ́ ló ń yọ́ kó tó dé orí wa.

Agogo 5 kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú

Ìjì. Afẹ́fẹ́ tútù tó já bọ́ láti inú ìkùukùu ló ṣáájú òjò, ó gbá gbogbo eruku ẹ̀ẹ̀rùn jọ, ó fi lé ojú èèyàn. Agbòòrùn fò ní ọjà Àtàkúmọ̀sà. Wọ́n ń ká láfún, wọ́n ń ká aṣọ, wọ́n ń pe ọmọ. Páànù kan ṣí lórí ilé kan. Ọdọọdún ni òjò àkọ́rọ̀ ń mọ ilé tí ìṣó rẹ̀ ti dìpẹtà. Ooru tó wà ní dígírì 35 wá sílẹ̀ kíákíá débi pé àwọn ọmọdé ń gbọ̀n.

Àrá sán lórí àwọn òkè àárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ, níbi tí ìbọn ogun Kírìjì ti dún títí tí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886.

Agogo 6 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀kán ńlá ńlá ló kọ́kọ́ bọ́. Lẹ́yìn náà ni ariwo kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ti ẹnìkejì mọ́ lábẹ́ páànù: yìnyín! Àwọn ọmọ bọ́ sí àgbàlá, wọ́n ń ṣà á jẹ, àwọn àgbà ń pariwo pé kí wọ́n wọlé. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni yìnyín wọ́pọ̀ sí lọ́dọ̀ wa. Ìkùukùu àkókò yìí ní agbára láti gbé omi dídì sókè sódò lọ́pọ̀ ìgbà, kó máa nípọn sí i, títí yóò fi wúwo ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ. Èyí tó bá tóbi tó kì í ráyè yọ́ tán kó tó balẹ̀. Ohun tó wá láti òkè ààlà náà nìyẹn, ọwọ́ ọmọ Iléṣà ló sì bọ́ sí.

Òjò gidi tẹ̀ lé e, ó rọ̀, ó dáwọ́ dúró. Kò tó wákàtí kan. Iná ti lọ tipẹ́. Òórùn ilẹ̀ tútù gba ìlú, ọ̀pọ̀lọ́ sì ti ń dún ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé wọ́n wà. "Ẹ kú òjò o." "Òjò ire ni o."

Agogo 9 alẹ́

L'Óṣogbo, òjò náà dé lẹ́yìn Iléṣà, kò sì lágbára mọ́. Àdúgbò kan rí i, àdúgbò kejì gbọ́ ìró rẹ̀ lásán. Bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé lálẹ́ yìí, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ oko. Ẹnì kan ti ń ká àgbàdo tó so mọ́ àjà, ó ní òun á gbìn ín láàárọ̀ ọ̀la, kí òun lè kọ́kọ́ gbé àgbàdo tútù dé ọjà. Owó ńlá wà nínú rẹ̀ bó bá bọ́ sí i. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Mi ò rò pé ó bọ́gbọ́n mu.

Agogo 7 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ ọjọ́ àná parí ní ibùdó ojú ọjọ́, nítorí láti agogo 7 sí agogo 7 ni wọ́n ń ka òjò. Òṣìṣẹ́ da omi inú agbè irin tó fi gba òjò sínú ife tí wọ́n fi ìlà sí lára. Ká ní ó kà á ní mílímítà 10. Mílímítà kan jẹ́ lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti ní ìbú, nítorí náà lítà mẹ́wàá ló bọ́ sórí ibi tí ẹní kékeré kan lè bò. Ó dà bí ẹni pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn oṣù yìí lè fa tó mílímítà 5 padà lójúmọ́ kan. Bó bá di ọjọ́ kẹta, òjò náà ti tán nílẹ̀, àgbàdo tí wọ́n gbìn kò sì tíì yọrí.

Ìrì kò sí lórí koríko láàárọ̀ yìí. Afẹ́fẹ́ ti padà sí àríwá ìlà-oòrùn, ààlà ti sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù wa lóru, ọyẹ́ á sì tún fẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Yóò padà, yóò tún lọ, títí oṣù Máàṣì fi máa dàgbà.

Ìlànà kan tí M. V. K. Sivakumar gbé jáde ní 1988 lórí àwọn ilẹ̀ gbígbẹ àríwá, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣì ń lò, sọ pé àkókò òjò ti dé bí ó bá rọ̀ tó mílímítà 20 láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí kò sì sí ọ̀gbẹlẹ̀ tó ju ọjọ́ méje lọ nínú ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ìdajì àkọ́kọ́ ni àgbẹ̀ lè fi garawa wọ̀n nínú àgbàlá rẹ̀. Ìdajì kejì ni kò lè mọ̀ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni ìwé àsọtẹ́lẹ̀ tí NiMet ń gbé jáde lọ́dọọdún wà fún, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìgbà tí wọ́n retí pé òjò yóò múlẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàdo lórí àjà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè déètì agbègbè yín lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kí ẹ tó lu ihò kankan, kí ẹ sì rí ìrì fún àárọ̀ bíi mélòó kan léraléra. Bí ẹ kò bá lè mú sùúrù, ẹ gbin díẹ̀, kí ẹ fi ìyókù pa mọ́.